Èmi, Ògbufọ̀ Akosua

Orúkọ mi ni Isidore, iṣẹ́ mi sì ni kíkọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bantè. Ní ìlú tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́wé, tí wọ́n fi ń dájọ́, tí wọ́n sì fi ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn ní ọ́fíìsì, èmi lọ yan Gẹ̀ẹ́sì láàyò, bí ọmọ tí gbogbo ará ilé ń jẹ iyán tí òun ní àfi búrẹ́dì. Ìwé atúmọ̀ èdè kan wà lọ́wọ́ mi tó nípọn bí ìrọ̀rí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ní Calavi ni mo ti ń kà á bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ka Bíbélì. Mo mọ orúkọ tí Òyìnbó ń pe okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté, bẹ́ẹ̀ n kò sì fi ojú kan èbúté rí.

Ohun tí n kò ní ni ẹni tí n ó bá sọ ọ́. N kò dé Nàìjíríà rí, n kò dé Gánà. Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Faransé ni wọ́n ń fi dáhùn. Bí mo bá sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, Ìcà, èdè ìlú wa, ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Ìyàwó mi, Marie-Madeleine, tí mo ń pè ní Ìyá Pascaline nítorí ọmọ wa, ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Bàbá Pascaline, ẹ dà bí ẹni tó ra ẹṣin sínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.”

Báyìí ni mo wà tí àwọn ará Gánà fi dé.

Tọkọtaya ni wọ́n. Yaw ni orúkọ ọkọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni fífi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga jíjìn. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún un ní àwọn abúlé ìhà Gouka. Akosua ni orúkọ ìyàwó, oyún rẹ̀ sì ti yọ dáadáa. Inú agbo ilé Alájì Imorou tó ń ta obì, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà sáàárín àwa àti òun, ni wọ́n gba yàrá sí. Wọn kò gbọ́ Faransé, wọn kò gbọ́ Ìcà, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo gbọ́, ayọ̀ mi kúrò ní kékeré. Mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo lọ kí wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti ilé bí ẹni to ọjà sórí àtẹ. Mo dúró níwájú Akosua, mo ní, “Madam, I am exceedingly gratified by your advent.” Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé inú mi dùn pé ẹ dé.

Akosua wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó béèrè bóyá pásítọ̀ ni mí.

Mo ní rárá, tíṣà ni mí. Ó ní, “Ah, Teacher!” Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti ń yí padà láti máa lọ, mo fi ẹsẹ̀ kọ ìloro. Akosua pariwo pé, “Sorry! Sorry, Teacher!”

Bí mo bá jẹ́ ènìyàn gidi ni, ǹ bá dúpẹ́ kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan, mo ń ṣàlàyé fún un pé “sorry” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀, àti pé òun kọ́ ló tì mí. Akosua rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ìyá tó bí mi lọ́mọ ń kí ènìyàn pẹ̀lẹ́ nítorí àgbò tí ó já sọnù ní ìlú mìíràn.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ léraléra. Bí ó bá fẹ́ wọlé lọ gbé nǹkan, á sọ pé, “Teacher, I’m coming.” Èmi á sì tún un ṣe fún un pé, “Madam, you are going.” Mo gbàgbé pé bí èmi náà bá ń jáde nílé, ohun tí mo ń sọ fún ìyàwó mi ni pé mò ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ti oúnjẹ ló burú jù. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Akosua jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ fùfú. Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Teacher, you are invited.” Nínú ìwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n pè sí àsè. Mo bi í pé nígbà wo. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní nísinsìnyí ni.

Mo dúpẹ́, mo sáré wọlé.

“Ìyá Pascaline, ẹ dìde, ẹ múra. Àwọn ará Gánà pè wá sí àsè.”

“Àsè kí ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó ń ro fùfú ara rẹ̀ ni.”

“Wọ́n pè wá. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pè wá.”

Mo wọ kóòtù tí mo fi gbéyàwó. Mo so táì. Ìyàwó mi wọ léèsì, ó wé gèlè, ó ń kùn. Mo ní kò bójú mu kí a lọ lọ́wọ́ òfo, mo sì lọ ra bísíkíìtì alágolo. Nígbà tí a ó fi dé ọ̀hún, Akosua ti jẹun tán, ó ń fọ abọ́. Ó rí wa nínú gbogbo ohun tí a wọ̀, ojú rẹ̀ fà ro. Ó bọ́ ọwọ́ nínú omi, ó dìde, ó béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ta ló kú.

Ojú ti ìyàwó mi fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akosua lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ìyàwó mi náà sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tú bísíkíìtì. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì sì jókòó sáàárín wọn nínú kóòtù, òógùn ń wẹ̀ mí.

Bí a ti ń padà sílé, ìyàwó mi ní, “Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ tó ní ẹ wá jẹun, ọmọlúàbí ló ń ṣe. Ṣé ìwé yín kò sọ bẹ́ẹ̀ ni?”

“Kò sí nínú ìwé.”

“Ẹnu ìyá yín ńkọ́?”

 Kí ẹ má rò pé mo gbọ́n lọ́jọ́ náà. Ńṣe ni mo lọ ká ìwé, mo wá ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé èmi ni mo jàre.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan. Ìyàwó mi ti lọ sí ọjà. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Akosua yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, “Teacher, my water has broken. Call Yaw for me. His phone is not going.”

Tẹlifóònù Yaw kò lọ. Ìyẹn yé mi, nítorí tẹlifóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú dáadáa ní àwọn oko ìhà Gouka. Ṣùgbọ́n pé omi òun fọ́? Omi kì í fọ́. Ohun tó ń gbé omi ló ń fọ́. Ta ló ni iṣẹ́ omi nínú ilé yìí? Yaw ni. Kí ni Yaw ń ṣe ní Gouka? Kànga ló ń gbẹ́. Gbogbo rẹ̀ so kọ́ra bí gírámà. Ó dá mi lójú pé páìpù Yaw ti bẹ́, àwọn kan ló sì ti wá ròyìn fún ìyàwó rẹ̀.

Mo dìde. Mo fi ọ̀rọ̀ gíga tù ú nínú, mo ní kó má dààmú, pé ó ṣeé tún ṣe.

Akosua tẹjú mọ́ mi. “Teacher,” ó ní, “just call him.”

Mo sáré bọ́ sí ojú títì, mo pe Fataou, ọmọ àdúgbò wa tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Mo ní ó di Gouka, kíá. A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, n kò tilẹ̀ dúró sọ fún ìyàwó mi. Eruku ojú ọ̀nà bo irùngbọ̀n mi. Inú mi ń dùn, kí n má purọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi ka ìwé, iṣẹ́ pàtàkì kan já lé Gẹ̀ẹ́sì mi lọ́wọ́. Mo ń to ọ̀rọ̀ sínú lórí alùpùpù: páìpù, ìdè irin, ìfọ́yángá.

A bá Yaw nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ẹrẹ̀ dé orókún rẹ̀, ẹ̀rọ ń bú ramúramù. Mo súnmọ́ ọn, mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tó dùn pé ìròyìn ìbànújẹ́ ni mo mú wá: nǹkan ti bẹ́. Ó ní kí ni. Mo ní omi rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ló rán mi, ṣùgbọ́n kó fara balẹ̀, mo ti sọ fún obìnrin náà pé ó ṣeé tún ṣe, ẹni tí ń jó irin kan sì wà ní Bantè.

Yaw pa ẹ̀rọ. “My wife said what?”

Mo tún un sọ bí Akosua ti sọ ọ́ gan-an.

Ìrísí rẹ̀ yí padà. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré kọjá lára mi, ó fò sẹ́yìn Fataou, ó gbá a léjìká, alùpùpù sì ti lọ kí n tó yí ọrùn. Mo dúró pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Gouka tí ń jẹ́ Zoubérou, súnmọ́ mi, ó pè mí bí wọ́n ti ń pe tíṣà kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dọ̀ wa. “Pròófù, kí ló dé?”

“Ẹ̀rọ omi rẹ̀ ló bàjẹ́ nílé,” ni mo wí.

“Nílé Alájì Imorou? Wọ́n ní ẹ̀rọ omi níbẹ̀ ni?”

Mo ya ẹnu kí n dáhùn, mo sì rántí pé kò sí ẹ̀rọ omi nílé Alájì Imorou. Garawa ni gbogbo wa fi ń pọn omi níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo fi èdè ilé wa tú u. Obìnrin kan. Ó lóyún. Ó di ìbàdí mú. Ó ní omi òun...

 Orí páìpù tó wà nílẹ̀ ni mo jókòó lé. Mo ti fi obìnrin tó ń rọbí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo sì ti sọ fún un pé ó ṣeé tún ṣe.

Zoubérou ló bá mi wá alùpùpù mìíràn. Bí mo ti ń bọ̀, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì orí mi gbẹ. Àdúrà ni mò ń gbà, Ìcà ni mo sì fi ń gbà á.

Ọlọ́run kò fi tèmi ṣe. Alimatou, ìyàwó Alájì Imorou, ti rí Akosua lẹ́yìn tí mo kúrò. Kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn fún ìró rẹ̀ dì, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì ránṣẹ́ pe ìyàwó mi lọ́jà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Yaw wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ti gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Laurence, agbẹ̀bí, jáde sí wa.

“Ìdí ni ọmọ náà fi ṣáájú,” ó ní. “A ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Savalou. Ta ló gbọ́ èdè rẹ̀ níbí?”

Gbogbo wọn wo èmi. Ìyàwó mi wo ilẹ̀.

Bí wọ́n ṣe tì mí sínú ọkọ̀ aláìsàn nìyẹn. Yaw jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Akosua dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ìyàwó mi gbé orí rẹ̀ lé itan, èmi sì ká jọ sí igun bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé.

“Pròófù,” ni Laurence wí, “ẹ sọ fún un kó má tíì tì o. Kó máa mí sínú, kó máa mí síta.”

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí mo ti wà nínú ìtìjú tó, ọ̀rọ̀ ńlá náà ni mo tún lọ gbé. Mo tẹ̀ síwájú, mo ké, “Inhale!” Ṣùgbọ́n ahọ́n tí Faransé ti tọ́ dàgbà ni ahọ́n mi. Bí mo ti pè é, ńṣe ló dún bí ẹni ń sọ pé nínú iná ọ̀run àpáàdì.

Akosua la ojú. “Who is in hell?” Ó gbé ohùn sókè, ó ń pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá gbọ́ o, tíṣà ní inú iná ni òun ń lọ. Yaw ń lu gíláàsì láti iwájú.

“Bàbá Pascaline,” ni ìyàwó mi wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná.”

Ó mú ọwọ́ Akosua, ó fi lé àyà ara rẹ̀. Ó mí sínú, ó mí síta, pẹ̀lú ariwo, kí obìnrin náà lè gbọ́. Akosua bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.  A wà bẹ́ẹ̀ lójú títì, èémí àwọn obìnrin méjì nìkan ni mò ń gbọ́ pẹ̀lú ariwo ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà Akosua sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó ní, “I’m feeling it for my waist. It’s coming small small.” N kò lọ sínú ìwé kankan. Mo kàn gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ọ́, mo sì yíjú sí Laurence lójú ẹsẹ̀ pé, “Ó ní ìbàdí ló ti ń mú òun, díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀.”

“Ó dára,” ni Laurence wí. “Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Nígbà tí a ń wọ Savalou, Akosua di apá aṣọ mi mú. Ó bi mí bóyá ibí ni òun máa kú sí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ ìyá òun. Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tu ènìyàn nínú lórí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀. Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni, “Sorry. Sorry, eh.” Ó mi orí. Ó ní, “Thank you, Teacher.”

Ní ilé ìwòsàn Savalou, wọ́n fi aṣọ kan ta ọ̀nà, wọ́n ní kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ń sọ Faransé láti inú, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìta. N kò lo ọ̀rọ̀ tó gùn ju ìka mi lọ. Ó ní kó tì, mo ní, “Push!” Ó ní kó dúró, mo ní, “Wait!” Nígbà tó yá, n kò dúró de dókítà mọ́, mo ti ń pariwo “Push!” fúnra mi, èmi náà ń fún ara, títí Akosua fi kígbe láti inú pé, “Teacher, keep quiet!” Ẹnikẹ́ni kò ní kí n túmọ̀ ìyẹn, ó yé dókítà.

Ọmọ náà ké. Obìnrin ni. Yaw jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún bí ọmọdé, mo sì rí i pé ojú tèmi náà ti tutù.

Fataou àti Zoubérou kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn obìnrin ọjà ti ń ké sí mi pé, “Pròófù, omi mi fọ́ o, ẹ bá mi pe ẹni tí ń jó irin!” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ ọ́ láti ẹ̀yìn kíláàsì. Mo bínú díẹ̀, lẹ́yìn náà mo kíyè sí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, láìsí àṣìṣe kankan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀.

Marie-Madeleine, orúkọ ìyàwó mi, ni wọ́n sọ ọmọ náà. Kò dùn mí púpọ̀. Isidore kì í ṣe orúkọ ọmọbìnrin.

Iṣẹ́ Yaw parí ní Gouka, wọ́n sì ń kó lọ sí Tchetti. Bí wọ́n ti ń di ẹrù, Akosua gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ké. Mo mì í, ó tún ké sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ni wọ́n máa ń sọ ní Gẹ̀ẹ́sì láti fi rẹ ọmọ.

Akosua dúró pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Ó bi mí pé ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ ọmọ. Ó ní nílé tiwọn, èdè ìyá òun ni wọ́n ń sọ sí i létí; ó ní kí n sọ tèmi.

Mo tẹ ẹnu mọ́ etí ọmọ náà. “Dákẹ́, ìyá mi,” ni mo wí, “dákẹ́, mo wà níbí.” Kò dákẹ́ o. Ó ké títí ìyàwó mi fi wá gbà á lọ́wọ́ mi.